Wákàtí Omi ní Ẹnu Ọ̀sà Èkó

Àwa tí à ń gbé Ìṣẹ̀rí-Olófin kì í sábà ka ara wa mọ́ ará etí omi. Dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá la mọ̀. Ojú ọ̀nà Ìdímù, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún la ti ń jìjàkadì lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti ń lé èèyàn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó níṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó tó sì fẹ́ tètè dé ń yà sí Mile 2 tàbí Ìjẹ̀gùn-Ẹgbá, ó ń wọ bóòtì lọ sí CMS. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan sì ti ń dá owó jọ ra bóòtì fáíbà kékeré àti ẹ́ńjìnnì, láti fi kó èrò, láti fi pẹja, tàbí láti fi gbé àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó jókòó sínú ọkọ̀ wọn.

Omi kì í ṣe àjèjì sí Àwórì. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé ojú odò ni Olófin Ògúnfúnmìnírè àti àwọn èèyàn rẹ̀ tọ̀ wá láti Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀lé àwo kan tó léfòó títí tó fi dúró ní Ìṣẹ̀rí. Láti ibẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta àti Ìdó, tí Àrómirẹ́, ọ̀kan nínú wọn, fi kọjá sí erékùṣù, tó ń pẹja, tó sì ń gbin ata síbi tí Ìgà Ìdúngànràn wà títí dòní. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé ẹni tó ń tẹ̀lé àwo lórí omi kò lè kánjú ju omi lọ. Ibi tí omi bá ń lọ ló ń lọ. Ìgbà tí omi bá dúró ló ń dúró. Lónìí, awakọ̀ wa lè tú ẹ́ńjìnnì Yamaha palẹ̀ láàárín omi kó sì tún un tò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í béèrè wákàtí omi kí wọ́n tó wọ ẹnu ọ̀sà. Èrò ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò gbéra: bí bóòtì bá ti kún, ó yá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹnu ọ̀sà náà ṣe rí. Odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun, odò Yewa àti àìmọye odò kéékèèké ló ń da omi wọn sínú ọ̀sà Èkó àti àwọn ọ̀sà tó so mọ́ ọn. Ìyanrìn gígùn ló dínà láàárín wọn àti òkun, láti ìhà Bàdágìrì títí kọjá Lẹ́kí. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀nà ti ṣí sí òkun tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń pè ní Commodore Channel, láàárín Tarkwa Bay àti Victoria Island. Gbogbo omi tí òkun bá tì wọlé, ibẹ̀ ló ń gbà. Gbogbo èyí tí ọ̀sà bá sì dá padà, pẹ̀lú ti odò, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde, bí ìjọ ńlá tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde lẹ́yìn ìsìn.

Èyí ni kò jẹ́ kí gíga omi ibẹ̀ ṣeé fojú tín-ín-rín. Ní etí omi Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi lè ga sí i tó nǹkan bíi mítà 14 láàárín wákàtí mẹ́fà. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, ó lè tó mítà 16. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èbúté ọkọ̀ kéékèèké wà tí wọ́n kọ́ ìdènà sí ẹnu rẹ̀ kí omi má baà fà tán lábẹ́ ọkọ̀; bí o bá pẹ́ dé, o máa dúró lóde títí omi yóò fi tún kún. Ní ẹnu ọ̀sà tiwa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi kíkún àti omi fífà kò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Àlejò á wò ó, á ní kí ló wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ní Bristol gíga omi ni wàhálà. Ní Èkó, eré omi ni. Mítà kan péré lórí ọ̀sà tó gbòòrò tó báyìí, tó sì gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà tóóró jáde kí wákàtí mẹ́fà tó pé, ó lè gbé bóòtì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú láti iwájú Marina sí etí òkun kí olówó rẹ̀ tó parí àdúrà.

Yorùbá a máa sọ pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ìkòròdú, ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà tí òkun àti ọ̀sà ti pàdé, mo ní kí ẹni tó ti rí méjèèjì ṣì máa bẹ̀rù.

Àwọn tó wá gba Èkó lọ́wọ́ wa gan-an jẹ nínú ìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè kí wọ́n lè dá Akítóyè padà, ọkọ̀ wọn méjì, Bloodhound àti Teazer, fìdí balẹ̀ nínú omi tí kò jìn tó, níbi tí ìbọn Kòsọ́kọ́ ti lè bà wọ́n. Àwọn ará Èkó mọ omi wọn; wọ́n ti ri igi mọ́lẹ̀ létí omi kí ọkọ̀ kéékèèké má baà rí ibi gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ogun náà ni Kòsọ́kọ́ fi ìlú sílẹ̀, tó sì gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àgbá ló ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ omi kọ́kọ́ fi ojú wọn rí màbo.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Òkìtì ìyanrìn tó wà ní ẹnu ọ̀nà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Lagos Bar, ń ṣípò kiri; ibi tó jìn lónìí lè di òkìtì lẹ́yìn ìjì. Ẹrù tó ń bọ̀ láti Liverpool ń lọ sí Forcados ní ìhà Delta, wọn a kó o sínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó gbé e padà wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá ìgbì ibẹ̀ lọ. Nígbà tí Walter Egerton ń ṣe gómìnà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí gbígbẹ́ ìyanrìn àti kíkó òkúta sínú òkun: ògiri òkúta kan ní ìlà oòrùn, òmíràn ní ìwọ̀ oòrùn, kí ìṣàn omi fúnra rẹ̀ lè máa gbá ìyanrìn jáde láàárín wọn. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé, wọ́n sì ṣí èbúté Àpápá ní 1926.

Òkúta yẹn náà ló fa ohun tí a ń rí lónìí. Ìgbì etíkun wa ń ti ìyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ògiri dá a dúró, ìyanrìn sì kóra jọ sí ìhà Lighthouse Beach. Tarkwa Bay, tí a ń lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn yìí ló bí i. Ní òdìkejì, Bar Beach kò rí ìyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ahmadu Bello Way mì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta ìdènà síbẹ̀ fún Eko Atlantic. Ìwúlò ìtàn yìí fún oníbóòtì kékeré kò fara sin. Láàárín ògiri méjèèjì omi jìn, nítorí wọ́n ń gbẹ́ ẹ fún ọkọ̀ ńlá. Ìta ògiri, pàápàá ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, kò jìn, ibẹ̀ sì ni ìgbì ti ń fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gé ọ̀nà kúrú nípa gbígba ẹ̀gbẹ́ òkúta, òkúta ló ń bọ̀ wá bá.

Òṣùpá ló ni aago omi. Lójúmọ́, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tó bá fà tán títí yóò fi kún, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà. Lójoojúmọ́ sì ni aago náà ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ pé omi kún tán ní aago méje òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó ti kọjá aago mẹ́wàá. Nígbà tí Ọjọ́ Ajé mìíràn bá fi máa pé, aago méje òwúrọ̀ yẹn kan náà ni omi á ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tán. Awakọ̀ tó ń gbéra ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, lójú ọ̀nà kan náà, rò pé iṣẹ́ kan náà lòun ń ṣe. Omi mìíràn ló ń bá pàdé.

Ìṣàn náà kì í sì í dọ́gba láàárín wákàtí mẹ́fà ọ̀hún. Àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣirò kan tó rọrùn: ẹ pín gbogbo omi tó máa wọlé sí ọ̀nà méjìlá. Ìdá kan ń wọlé ní wákàtí kìíní, méjì ní ìkejì, mẹ́ta ní ìkẹta, mẹ́ta ní ìkẹrin, méjì ní ìkarùn-ún, ọ̀kan ní ìkẹfà. Ìyẹn ni pé láàárín wákàtí méjì àárín nìkan, ìdajì gbogbo omi ti kọjá. Ìgbà náà ni eré rẹ̀ le jù, yálà ó ń wọlé tàbí ó ń jáde. Ọ̀sà kì í tẹ̀lé ìṣirò náà délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju àfojúdá lọ. Bí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá yọ kíkún, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì ni omi máa ń kún jù tó sì ń fà jù; bí òṣùpá bá kú ìdajì, ìyàtọ̀ rẹ̀ á kéré. Iwájú ilé ẹni ni a ti lè wo òṣùpá, ní Ìṣẹ̀rí níbí, láì dé etí odò. Ìwé wákàtí omi tí Admiralty ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lọ́dọọdún mẹ́nu kan Èkó, fóònù ọwọ́ ẹni náà sì lè sọ ọ́.

Síbẹ̀, aago ẹnu ọ̀sà kì í ṣe aago inú ọ̀sà. Ó ń gba omi ní àkókò kí ó tó rìn dé Ìdó, dé Òwòrònṣòkí, dé inú kíríìkì tó lọ sí Òjó. Omi lè ti kún tán ní etí òkun kí ó sì ṣì máa wọlé lókè. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí awakọ̀ fi ojú ara rẹ̀ kún ohun tí fóònù sọ. Àmì pọ̀. Wo òpó èbúté: bí apá tó tutù tó dúdú bá ga ju ojú omi lọ, omi ti ń fà, bí ojú omi bá ti bo ibi tó tutù, tó ń gun ibi gbígbẹ, ó ń kún. Wo àwọn ọkọ̀ tó so ìdákọ̀ró kan ṣoṣo: imú wọn máa ń kọ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, bí afẹ́fẹ́ kò bá le jù. Wo bọ́ì inú ọ̀nà omi: ibi tó bá tẹ̀ sí ni omi ń lọ, ìfófòó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì sọ bí eré náà ṣe tó. Èrò náà lè béèrè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, omi ń wọlé ni àbí ó ń jáde?” Awakọ̀ tí kò bá lè dá ọ lóhùn láì ronú, má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ìgbà òjò tún ń yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti oṣù Kẹfà lọ, omi odò ń kún omi ọ̀sà lọ́wọ́, omi tó ń jáde á pẹ́, á sì le ju èyí tó ń wọlé lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ìdídò Oyan, tí wọ́n ṣí ní 1983 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, máa ń tú omi sílẹ̀ sínú odò Ògùn. Àwọn ará Ìṣẹ̀rí etí odò àti Àjégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú mọ̀ ọ́n, nítorí pé inú yàrá wọn ló ń gbà. Ohun tí oníbóòtì gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé omi yẹn náà ẹnu ọ̀sà ló ń lọ. Àárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án yìí kan náà ni ìgbì ńlá ń ti gúúsù òkun Àtìláńtíìkì wá. Omi líle ń jáde, ìgbì gíga ń wọlé, wọ́n pàdé ní ẹnu ọ̀nà. Ìgbì á kúrú, á ga, orí rẹ̀ á sì wó. Ibẹ̀ ni ikú wà fún bóòtì kékeré.

Nítorí náà, bí o bá ń ti òkun bọ̀, tí o rí i pé omi ń jáde gidigidi, tí funfun ìgbì sì ń fọ́ ní ẹnu ọ̀nà, dúró lóde. Mo mọ̀ pé èyí ṣòro fún ẹni tó ti rẹ̀, tó ń wo ilé ní iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun tó jìn, bó tilẹ̀ ń mì ọ́, sàn ju ẹnu ọ̀nà tí ìgbì ti ń fọ́ lọ. Dúró títí omi yóò fi padà. Wákàtí méjì ìparí omi tó ń wọlé ló dára jù: omi jìn sí i, ìṣàn ń bá ọ lọ, ìgbì sì ń rọ̀. Kí o tó wọlé, yẹ epo wò, kí gbogbo ènìyàn wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì di í, kí ẹrù má ṣe wà níbi tó ti lè yí. Ka ìgbì. Ó ń wá ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, àwọn ńlá díẹ̀, lẹ́yìn náà ó á rọlẹ̀. Nígbà tó bá rọlẹ̀ ni kí o gbéra, kí o jókòó lé ẹ̀yìn ìgbì kan, kí o bá a wọlé. Má sáré kọjá rẹ̀, nítorí imú ọkọ̀ rẹ á wọ inú kòtò tó wà níwájú rẹ̀. Má sì fà sẹ́yìn títí èyí tó ń bọ̀ yóò fi gbá ọ ní ìdí, nítorí ó á yí ọ dá ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ tó bá dá ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì tó ń fọ́, ó ti dojú dé.

Nígbà tí o bá ti wọ àárín ògiri òkúta, bọ́ì ló ń darí rẹ. Ní Nàìjíríà, bí o bá ń ti òkun wọlé, pupa máa wà lọ́wọ́ òsì rẹ, àwọ̀ ewé máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Báyìí náà ló rí ní Yúróòpù. Àwọn ọmọ wa tó bá ra bóòtì ní Baltimore tàbí Houston gbọ́dọ̀ yí i padà lórí, nítorí ní Amẹ́ríkà pupa ló ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wọlé. Bọ́ì tí kò sí mọ́, tàbí tí iná rẹ̀ ti kú, kì í ṣe ohun tuntun. Má gbára lé ọ̀kan ṣoṣo. Máa fi ohun tó wà lórí ilẹ̀ tí kì í ṣí kúrò kún un.

Ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá tàbí Tin Can lè gùn ju 200 mítà lọ. Kò lè yà fún ọ. Bó bá tiẹ̀ rí ọ, tó sì fi ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ó ṣì máa rìn jìnnà kí ó tó dúró. Nígbà mìíràn sì rèé, ẹni tó ń wà á kò tilẹ̀ lè rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀. Òfin àgbáyé ti 1972 lórí ìkọlù ọkọ̀ là á kalẹ̀: ọkọ̀ tí kò gùn tó 20 mítà kò gbọ́dọ̀ dínà fún ọkọ̀ tó jẹ́ pé inú ọ̀nà jíjìn nìkan ló ti lè rìn. Gba ọwọ́ ọ̀tún, súnmọ́ etí ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ dábùú rẹ̀, dá a dábùú tààrà, ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá, kì í ṣe ní iwájú. Bí ìwọ àti bóòtì mìíràn bá dojú kọ ara yín, kí oníkálukú yà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Fèrè kúkúrú márùn-ún túmọ̀ sí pé ẹni tó fọn ún kò mọ ohun tí o fẹ́ ṣe, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀; bí o bá gbọ́ ọ, ìwọ ni wọ́n ń bá wí.

Afẹ́fẹ́ náà ní wákàtí tirẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ojú omi ń tẹ́. Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ láti òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, bó bá sì pàdé omi tó ń jáde, ojú omi tó wà níwájú Marina á di gbágungbàgun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, ń fi ìgbòkun lásán sáré ìje nínú omi yìí, láìsí ẹ́ńjìnnì kankan. Ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì kò lè ṣàìmọ wákàtí omi, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí pé kó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ alájẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ apẹja.

Gígúnlẹ̀ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́, tí ìka ti ń gé, tí èrò sì ń já sáàárín ọkọ̀ àti èbúté. Ẹ jẹ́ ká mú èbúté kan tó nà sínú omi, tí ìṣàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Omi ń jáde. Awakọ̀ tó ń kánjú ti òkè wá, ìṣàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tì í. Ó dín ẹ́ńjìnnì kù, ọkọ̀ kò dín eré kù, nítorí omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé e. Ó fi ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ yà, ó gbá òpó. Èrò tó ti dìde dúró láti jáde kọ́kọ́ ṣubú lu ara wọn, gbogbo wọn sì rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe máa kọjá èbúté náà lọ ná. Ó á yí padà ní ìsàlẹ̀, ó á sì kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Báyìí, omi di ìjánu rẹ̀. Ó fi ẹ́ńjìnnì tó kéré jù dí eré omi, títí ọkọ̀ fi dúró lójú kan bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó yí imú rẹ̀ díẹ̀ sí èbúté, díẹ̀ péré, omi sì ń tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ jẹ́jẹ́. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ mú okùn iwájú, kò fò, ó sọdá nígbà tí ọkọ̀ ti kan táyà tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ èbúté. Okùn iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ so, nítorí òun ni yóò gba agbára omi. Lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀yìn. Kò sí èrò kankan tó tíì dìde. Nígbà tí okùn méjèèjì bá le ni wọ́n tó ń na ọwọ́ sí Ìyá tó jókòó níwájú: “Ẹ máa bọ̀, Mà, ẹ fẹsẹ̀ ọ̀tún lé e.” Ó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ju ti ẹni tó kánjú lọ.

Bí afẹ́fẹ́ bá le ju ìṣàn lọ, afẹ́fẹ́ ni kí o kọ imú sí. Bí o bá sì máa fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, fún okùn ní àyè díẹ̀. Omi tó kún nígbà tí o so ó yóò fà, ọkọ̀ tí okùn rẹ̀ kúrú sì lè rọ̀ mọ́ òpó títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi gba omi.

Ewé odò tí wọ́n ń pè ní wọ́tà háyásíǹtì náà kò ṣeé fojú fò. Ní 1984 ló gba kíríìkì Porto-Novo wọ ìhà Bàdágìrì, láti ìgbà náà ló sì ti ń padà lọ́dọọdún. Omi iyọ̀ ń pa á, nítorí náà ìgbà tí òjò bá ti fọ iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà ló ń gbilẹ̀. Ó ń wé mọ́ pòròpélà, ẹ́ńjìnnì á kú, níbi tí ìṣàn ti le jù. Ọ̀bẹ mímú àti àjẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì jẹ́ tuntun tó.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, ayé fóònù òde òní yìí, bóòtì kan gbéra ní Mile 2 lọ sí Ìbẹ̀sẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èrò 16 ló wà nínú rẹ̀. LASWA, àjọ tó ń rí sí ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti fòfin de ìrìn alẹ́. Omi líle gbá a dànù, ó sì dojú dé. Mile 2 kò jìnnà sí wa. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ relé jẹ́ ènìyàn bí àwa, tí iṣẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lálẹ́, kò sí èyí tó ṣeé rí nínú àmì tí mo kà sílẹ̀ lókè: òpó, bọ́ì, ìfófòó; bẹ́ẹ̀ ni igi tó léfòó àti ọkọ̀ tó ti rì tí irin rẹ̀ ń yọ bí omi bá fà kò ṣeé rí. Mo bẹ yín, ẹ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́.

Àwọn aláṣẹ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 1997 dá sílẹ̀, ló láṣẹ lórí ojú omi orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni yòówù tó bá ń gba owó ìwé àṣẹ, ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbówó lórí: pátákó kan ní èbúté kọ̀ọ̀kan, tí a kọ wákàtí omi ọjọ́ náà sí ní Yorùbá, níbi tí awakọ̀ àti èrò ti lè jọ kà á kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá tó ń ta ẹja á mọ̀ ọ́n kà. Awakọ̀ tó bá fẹ́ gbéra ní wákàtí tí kò dára á rí ojú gbogbo ènìyàn.

Pátákó nìkan kò tó: bí ọkọ̀ bá fìdí gúnlẹ̀ nínú ọ̀sà, ohun àkọ́kọ́ tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ náà ni bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà. Bó bá ń kún, má fi ẹ́ńjìnnì gbẹ́ ìyanrìn. Ju ìdákọ̀ró síhà ibi tó jìn, kí o dúró, omi fúnra rẹ̀ á gbé ọ. Bó bá ń fà, ìṣẹ́jú díẹ̀ lo ní. Gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kó àwọn èrò lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó jìn kí ìdí ọkọ̀ lè fúyẹ́, fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tì í padà síbi tó ti bọ̀. Bí kò bá ṣí, ju ìdákọ̀ró, kí láífù jákẹ́ẹ̀tì wà lára gbogbo ènìyàn, pe 112 tàbí 767, kí o sì sọ ibi tí o wà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn dé èbúté, bó ti wù kí èbúté súnmọ́ tó. Ilẹ̀ ọ̀sà kì í tẹ́ dọ́gba, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mì, omi tó fà lọ yẹn á sì tún padà wá.